Asẹ́ Ni Kó Ṣáájú Iná: Bí A Ṣe Ń Tún Àpótí Iyùn Kékeré Ṣe Nínú Ilé ní Ifẹ̀

Àpótí gíláàsì tí mo ní lọ́kàn kò tóbi rárá. Gígùn rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 45, fífẹ̀ àti gíga rẹ̀ sì jẹ́ 30, èyí tó túmọ̀ sí pé yóò gba nǹkan bíi lítà 40; ṣùgbọ́n nígbà tí òkúta àti iyanrìn bá ti wọ inú rẹ̀, omi tó kù kì í sábà ju lítà 32 lọ. Irú àpótí bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a ń sin ẹja òkun àti iyùn ààyè fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú fóòmù kan tó ń sẹ́ omi àti iná kékeré tí wọ́n tà mọ́ ọn. Bí oṣù bá ti gorí oṣù, ọkàn á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sí ohun tó dára ju ìyẹn lọ, iná ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń kọ́kọ́ rà, nítorí òun ni ojú ń rí. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ tún asẹ́ ṣe, kí iná tẹ̀ lé e. Nitrate àti phosphate ni oúnjẹ ewé omi. Bí ẹ bá tan iná tó lágbára sórí omi tí àwọn nǹkan yìí kún inú rẹ̀, ewé omi ni ẹ óò kó, ẹ kò ní kó iyùn.

Iyùn tí à ń sọ níhìn-ín kì í ṣe ìlẹ̀kẹ̀ tí ọba ń fi sọ́rùn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé egungun ìbátan rẹ̀ kan ni wọ́n ń gé ṣe ìlẹ̀kẹ̀ náà. Ẹranko ni, ó lẹ́nu, ó sì ní ọwọ́ tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń mú oúnjẹ. Ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó ṣẹ́kù nínú àpótí a máa di ammonia, tí í ṣe májèlé. Àwọn bakitéríà kan á sọ ammonia di nitrite, àwọn mìíràn á sì sọ nitrite di nitrate, tí oró rẹ̀ kò le tó ti àwọn méjì ìṣáájú. Inú ihò wẹ́wẹ́ tó wà lára òkúta ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn bakitéríà yìí ń gbé, nítorí náà òkúta ni asẹ́ àkọ́kọ́, ẹ sì ti ní in kí ẹ tó lọ sọ́jà. Iṣẹ́ tó kù fún asẹ́ tuntun ni kó kó ìdọ̀tí kúrò kí ó tó jẹrà, kí ó sì jẹ́ kí omi máa gba ara òkúta kọjá láìdúró.

Láti orí pọ́ǹpù ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Fún iyùn rírọ̀ àti iyùn olókùúta tí ẹnu rẹ̀ tóbi (LPS), ó yẹ kí gbogbo omi àpótí yí po ní ìgbà 20 sí 30 láàárín wákàtí kan, èyí tó jẹ́ lítà 640 sí 960 fún lítà 32 tiwa. Ẹ má ṣe wá pọ́ǹpù kan ṣoṣo tí yóò dá gbogbo rẹ̀ ṣe, nítorí omi tó ń tú jáde lójú kan bí ìgbà tí a ṣí ẹ̀rọ omi sílẹ̀ a máa bó ẹran ara iyùn tó kọjú sí i, ìdọ̀tí á sì sá lọ kó jọ sẹ́yìn òkúta. Pọ́ǹpù asẹ́ tó ń gbé lítà 300 àti pọ́ǹpù ìgbì kékeré tó ń gbé 400 tàbí 500, tí a gbé sí ibi tí omi wọn yóò ti máa kọlu ara wọn, sàn jùyẹn lọ fíìfíì.

Bí àpótí yín bá ní yàrá asẹ́ lẹ́yìn, inú rẹ̀ ni kí ẹ to àwọn nǹkan sí; bí kò bá ní, ẹ ra asẹ́ tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn gíláàsì. Òwú asẹ́ ni kí omi kọ́kọ́ pàdé, kí ó lè mú ohun tó ṣeé fojú rí. Èédú ni kó tẹ̀ lé e, òun ló ń fa àwọ̀ àti òórùn kúrò nínú omi. Kì í ṣe èédú ìdáná tí wọ́n ń tà lẹ́bàá títì o, bí kò ṣe èyí tí wọ́n ṣe fún asẹ́ ẹja. Ẹ fi omi tó mọ́ ṣàn án kí eruku rẹ̀ tán, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ lóṣooṣù. Lẹ́yìn èédú ni àwọn hóró aláwọ̀ ìpẹtà irin tó ń fa phosphate mọ́ra lè wà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi wọ́n sí i àyàfi tí ẹ bá ti wọn omi tí ẹ sì rí i pé phosphate ju mílígíráàmù 0.1 lọ nínú lítà kan. Iyùn náà nílò díẹ̀ nínú rẹ̀. Omi tí phosphate àti nitrate rẹ̀ bá di òdo a máa pa á lébi.

Òwú náà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbàgbé. Ọjọ́ mẹ́ta-mẹ́ta ni kí ẹ máa sọ ọ́ nù, nítorí ìdọ̀tí tó wà nínú òwú ṣì wà nínú omi síbẹ̀, ó kàn ń jẹrà níbi tí ojú yín kò tó ni. Ní ti protein skimmer, ẹ̀rọ tó ń fi ìfófò fa ìdọ̀tí jáde, èmi kò rò pé ó tọ́ owó rẹ̀ nínú àpótí tó kéré báyìí. Bí ẹ bá ń pààrọ̀ lítà mẹ́ta sí mẹ́rin lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ ti ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Fóòmù àtijọ́ ńkọ́? Ẹ fi í sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ asẹ́ tuntun fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí bakitéríà ara rẹ̀ lè ràn dé ibẹ̀, bí ẹ bá sì fẹ́ fọ̀ ọ́, omi iyọ̀ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde nínú àpótí ni kí ẹ lò, kì í ṣe omi ẹ̀rọ.

Ìyẹn mú wa dé orí omi fúnra rẹ̀. Igbó Olókun wà ní Ifẹ̀, níbi tí àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí ẹ̀rí pé àwọn baba wa ń ṣe gíláàsì àti ìlẹ̀kẹ̀ rẹ̀ láàárín ọ̀rúndún 11 sí 15. A wá ní gíláàsì, a ní orúkọ Olókun, àmọ́ omi rẹ̀ jìnnà sí wa tó nǹkan bíi 200 kìlómítà lójú ọ̀nà Èkó. Ọwọ́ ara wa ni a óò fi pò ó. Omi kànga, omi bọ̀ọ̀hóò àti omi inú ọ̀rá lè ní phosphate, silicate tàbí bàbà nínú. Ẹ lo omi tí ẹ fi RO/DI, ẹ̀rọ tó ń yọ gbogbo ohun tó yòrò sínú omi kúrò, sẹ́ títí TDS, òṣùwọ̀n àwọn ohun tó yòrò náà, yóò fi ka òdo, kí ẹ sì po iyọ̀ tí wọ́n ṣe fún iyùn mọ́ ọn títí yóò fi di gíráàmù 35 nínú ẹgbẹ̀rún gíráàmù omi. Omi ló ń gbẹ, iyọ̀ kì í gbẹ: bí lítà kan péré bá lọ nínú lítà 32, 35 náà ti di 36. Nígbà ọyẹ́, tí afẹ́fẹ́ gbẹ, tí ẹ sì tún gbé fáànù kékeré kọjú sí orí omi kí ooru má bàa ju ìwọ̀n 27 lọ lórí òṣùwọ̀n Celsius, lítà kan yẹn lè lọ láàárín ọjọ́ kan. Omi aláìníyọ̀ ni kí ẹ fi dí i, ní àràárọ̀.

Kò sí ẹni tó ń gbé Ifẹ̀ tí yóò ka ìtọ́sọ́nà yìí dé ibí tí kò ní béèrè pé bí wọ́n bá mú iná lọ ńkọ́. Pọ́ǹpù ni kí ẹ dààmú lé lórí. Bí omi bá dúró, atẹ́gùn inú rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í tán, nítorí ẹja, iyùn àti bakitéríà ló jọ ń mí in, omi tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ tó sì ní iyọ̀ kì í sì gba atẹ́gùn púpọ̀ dúró. Ẹ ra pọ́ǹpù ìgbì tó ń lo iná bátìrì fólítì 12 tààrà. Bátìrì kékeré ti Ah (ampere-wákàtí) 7 ní agbára wáàtì-wákàtí 84. Bí a bá lo ìdajì rẹ̀ péré kó má bàa bàjẹ́, pọ́ǹpù wáàtì 5 yóò ṣiṣẹ́ fún nǹkan bíi wákàtí 8. Ní ti wáyà, ẹ jẹ́ kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wọ́ sísàlẹ̀ ju ojú sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ kó tó gòkè padà, kí omi iyọ̀ tó bá ń tọ wáyà bọ̀ lè kán sílẹ̀.

Nígbà tí asẹ́ bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù kan, tí nitrate dúró láàárín mílígíráàmù 2 sí 10 nínú lítà kan, ẹ lè wá ra iná. Nínú ẹran ara iyùn ni ohun abẹ̀mí wẹ́wẹ́ kan ń gbé, tó ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewé ti ń ṣe, iyùn sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù ló wúlò fún un jù, nítorí náà ẹ wá iná LED tí búlúù rẹ̀ pọ̀ ju funfun lọ, tí ẹ sì lè dín kù tàbí fi kún lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ fi í kọ́ sókè omi ní sẹ̀ǹtímítà 20 sí 30. Ní ọdún tí mo ra tèmi, mo tan án dé góńgó lọ́jọ́ tó délé. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, iyùn tí mo fi owó gidi rà ti funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú, nítorí pé bí ìmọ́lẹ̀ bá pọ̀ lójijì, iyùn a máa lé àwọn tó ń bọ́ ọ jáde kúrò lára rẹ̀. Ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 5 kún un lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ sì dúró níbi tí àwọ̀ iyùn bá ti dára. Bí àwọ̀ náà bá ń ṣí, ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀. Bí ó bá ń na ọrùn sókè tàbí tó ń dúdú bí ilẹ̀, kò tíì tó.

Wákàtí 8 lójúmọ́ tó. Ní ti táìmà, aago tó ń tan iná tó sì ń pa á fúnra rẹ̀, ẹ má ra oníkẹ̀kẹ́, torí pé aago rẹ̀ ń dúró nígbà tí iná bá lọ, títí yóò fi máa tan iná fún ẹja láago méjì òru; ẹ ra èyí tó ní bátìrì tirẹ̀ nínú. Bí iná kò bá sí ní odindi ọjọ́ kan, iyùn kò ní kú, ẹ má sì ṣe tan iná pẹ́ lọ́jọ́ kejì láti dí i.

Bí ewé omi bá wá bẹ̀rẹ̀ sí í bo gíláàsì lẹ́yìn tí ẹ fi kún iná, ẹ má tíì fọwọ́ kan iná náà. Ẹ ṣí yàrá asẹ́, kí ẹ wo ọjọ́ tí òwú inú rẹ̀ ti wà níbẹ̀.