Bí mo ṣe ń kun àwòrán bàbá olóògbé láti inú fọ́tò pásípọ́ọ̀tì

Iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ni mo kọ́, kì í ṣe ojú èèyàn. Ọ̀dọ̀ ọ̀gá mi ní Tákìé, Ògbómọ̀ṣọ́ níbí, ni mo wà nígbà tí wọ́n dá LAUTECH sílẹ̀ ní 1990, tí gbogbo ẹni tó fẹ́ ta ìrẹsì fún akẹ́kọ̀ọ́ ń wá kọ bọ́ọ̀dù. Nígbà tó yá, flex dé. Ohun tí mò ń fi ọjọ́ méjì kọ, ẹ̀rọ ń ṣe é kí n tó fọ búrọ́ọ̀ṣì tán. Òkú àgbà ló gbà mí sílẹ̀: ẹbí tó fẹ́ sin bàbá wọn dáadáa ṣì ń fẹ́ àwòrán àfọwọ́kùn sí pálọ̀.

Wọn kì í mú fọ́tò gidi wá. Pásípọ́ọ̀tì tó ti ya létí, tí òǹtẹ̀ sì gun àgbọ̀n, ni ẹ ó rí. Ẹ má fi pẹ́ńsùlù kàn án. Ẹ tẹ́ ọ̀rá tó mọ́ gaara lé e, kí ẹ fa ilà sórí ọ̀rá náà ní mìlímítà 5 síra. Èyí tó jẹ́ mìlímítà 35 sí 45 yóò fún yín ní àpótí 7 ní ìbú, 9 ní òró. Bí ẹ bá fa àpótí sẹ̀ǹtímítà 10 sórí kánfáàsì, àwòrán yín di 70 sí 90. Ẹ wá máa gbé ohun tó wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan lọ sínú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi máa ń dorí fọ́tò kodò nídìí èyí, kí ojú rẹ̀ má baà máa rí imú, kó kàn máa rí ilà. Mo rò pé ó ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, títí mo fi dán an wò.

Èmi kì í ra kánfáàsì. Aṣọ funfun tó nípọn ni mò ń kàn mọ́ férémù igi, màá fi gọ́ọ̀mù káfíńtà tí mo bomi là kùn ún, kí n tó fi ọ̀dà funfun bò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ má fo gọ́ọ̀mù o. Òróró inú ọ̀dà á máa jẹ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀.

Ilà ojú wá ni. Lọ́dún kan, mo kun bàbá kan tó kọ àbàjà. Mẹ́ta ni mo rí lẹ́rẹ̀kẹ́ kọ̀ọ̀kan, mẹ́ta ni mo fi síbẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, àbúrò bàbá náà, ìyá arúgbó kan, wo àwòrán náà títí, wọ́n ní, "Ta lẹ gbé wá yìí? Mẹ́rin ni ti ilé wa." Etí fìlà abetí-ajá ló bo ti òkè.

Látìgbà náà, màá kọ́kọ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún àgbà ilé. "Màámá, ẹ jọ̀ọ́, mélòó ni Bàbá kọ?" Wọ́n á fi ìka fà á sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara wọn. Àbàjà ń dùbúlẹ̀, pélé ń dúró, ìbàmú sì ń dábùú imú. Fọ́tò tó ti ṣá kì í fi gbogbo rẹ̀ hàn. Ẹ má sì fi ọ̀dà dúdú fa ilà bí ẹni ń kọ lẹ́tà (ibi tí iṣẹ́ bọ́ọ̀dù ti dà mí láàmú nìyẹn). Ọgbẹ́ tó ti jinná ni: ẹ̀gbẹ́ kan ṣókùnkùn, ẹ̀gbẹ́ kejì gba ìmọ́lẹ̀.

Kódà, ẹ gbé dúdú kúrò nílẹ̀ pátápátá. Burnt sienna (ọ̀dà pupa bí ilẹ̀) àti ultramarine (búlúù tó dúdú) tí ẹ bá pò pọ̀ á fún yín ní òkùnkùn tó ní ẹ̀jẹ̀ lára. Ọmọ iṣẹ́ mi kan ní kò sẹ́ni tó lè mọ èyí láìlọ iléèwé. Mo ní, Aina Onabolu, ayàwòrán ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, kun Ìyáàfin Spencer Savage ní 1906. 1920 ló tó lọ kọ́ṣẹ́ ní London.

Ẹ gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó kéré tán, torí ọ̀dà olóróró kì í tètè gbẹ. Lásìkò ọyẹ́, ẹ kọjú àwòrán sí ògiri, eruku ń lẹ̀ mọ́ ọn. Ẹ gba ìdajì owó kí ẹ tó fa ilà àkọ́kọ́, kí ẹ sì gba ìyókù kó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù. Bí wọ́n bá ní ó di ẹ̀yìn ìnáwó, owó kánópì àti owó màlúù ló máa ṣáájú tiyín.