Ànàmọ́ ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sínú ófùnù
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń se briam, ẹ̀fọ́ inú ófùnù tàwọn ará Gíríìsì, ẹ má da gbogbo ẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ànàmọ́ òyìnbó ni kó kọ́kọ́ wọlé: ẹ gé e fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ẹ fi iyọ̀ àti òróró ólífì pa á lára, kó lo bí 20 ìṣẹ́jú ní 200°C. Ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ tó kó zucchini (ẹ̀fọ́ tó jọ kùkúḿbà), ìgbá, àlùbọ́sà, aáyù àti tòmátò lé e, kó tún lo bíi wákàtí kan, kẹ́ ẹ rò ó lẹ́ẹ̀kan láàárín. Tòmátò gan-an ló ń fa wàhálà. Kíkan inú ẹ̀ kì í jẹ́ kí ànàmọ́ tètè rọ̀, ìdí nìyẹn tí ìgbá fi máa ń di ẹ̀kọ kí ànàmọ́ tó jinná. Ẹ má bu omi sí i o, omi ara ẹ̀fọ́ ti tó. Òróró lẹ ò gbọ́dọ̀ ṣahun sí; ladera làwọn tó ni ín ń pe irú oúnjẹ yìí, ìyẹn olóróró. Àmọ́ tí páànù bá kéré, tí ẹ̀fọ́ ń gun ara wọn, ọgbọ́n yìí ò ní ràn yín lọ́wọ́: ńṣe ló máa bọ̀, kò ní yan.