Àwọn àṣìṣe tó ń mú kí owó ìgbọ̀wọ́ gbé nínú ọgbà ìṣeré

Bí Iléyá bá ti ń sún mọ́lé, àwọn oníléeṣẹ́ kéékèèké ní Ìlọrin a bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ wá sọ́dọ̀ àwa tá à ń ṣe pátákó àti bánà ní Táíwò. Oníbúrẹ́dì ń bọ̀, onípíọ̀ wọ́tà ń bọ̀, ọ̀dọ́ tó ń ta dátà náà ń bọ̀. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ń fẹ́: kí orúkọ wọn hàn lára ẹ̀rọ tí àwọn ọmọ yóò gùn nínú ọgbà ìṣeré lọ́jọ́ ọdún. Owó tí wọ́n ń san fún ìyẹn là ń pè ní owó ìgbọ̀wọ́. Kò burú. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe é láyé. Nígbà tí ọgbà ìṣeré Disneyland ṣí ní California, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, lóṣù keje ọdún 1955, iléeṣẹ́ epo Richfield ló ṣe onígbọ̀wọ́ Autopia, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń wa mọ́tò kékeré. Ẹni tó ń ta epo tó sì fi orúkọ rẹ̀ síwájú ọmọ tí yóò di awakọ̀ lọ́la, ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa ti ń kọsẹ̀ ni pé owó ọ̀dà là ń san, a kì í bèèrè owó gíríìsì. Alhaja kan tó ń ta omi inú ọ̀rá fi àwòrán hàn mí lórí fóònù rẹ̀: àwọn ẹṣin tó ń yí po, orúkọ omi rẹ̀ lórí òrùlé, lára òpó àárín, títí kan gàárì ẹṣin kọ̀ọ̀kan. Ó mọ nǹkan yàn o. Ẹṣin leégún ilé wa ní Ìlọrin, kò sí ọmọ tí yóò rí i tí kò ní fa aṣọ ìyá rẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹ kú ìnáwó. Ta ni yóò máa ra gíríìsì?"

Ó wò mí. "Gíríìsì kẹ̀? Ṣebí àwọn ọlọ́gbà ló ni ẹ̀rọ."

Àwọn ló ni ẹ̀rọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n orúkọ Alhaja ló wà lára rẹ̀. Bẹ́árìn tí kò bá rí gíríìsì yóò máa han. Bí iná ìjọba bá lọ tí kò sí dísẹ̀lì nínú jẹnẹrétọ̀, ẹṣin á dúró, ọmọ á sọ̀ kalẹ̀ tẹkúntẹkún, á sì délé wí pé ẹ̀rọ olómi yẹn ti bàjẹ́. Ta ló fẹ́ máa ṣàlàyé fún un? Nítorí náà, ẹ má kó gbogbo owó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ san apá kan nígbà tí ọ̀dà bá gbẹ, kí ẹ máa san ìyókù lóṣooṣù bí ẹ̀rọ bá ṣe ń yí sí. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé bí ó bá dúró ju ọ̀sẹ̀ kan lọ, owó oṣù yẹn á dín.

Ẹ̀yin tí ẹ ni ọgbà, ẹ má fi owó onígbọ̀wọ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù. Onígbọ̀wọ́ máa ń lọ, ìtọ́jú ẹ̀rọ á sì di tiyín. Ní ọgbà ìṣeré Epcot, ní Florida, iléeṣẹ́ General Electric ló ṣe onígbọ̀wọ́ ẹ̀rọ Horizons láti 1983 di 1993. Nígbà tí wọ́n kúrò, ẹnikẹ́ni kò rọ́pò wọn. Wọ́n ti ẹ̀rọ náà, wọ́n tún ṣí i, wọ́n tì í pátápátá ní 1999, wọ́n sì wó ilé rẹ̀. Ti Wonders of Life, ní ọgbà kan náà, kò sàn: iléeṣẹ́ ìbánigbófò MetLife tó ń gbọ̀wọ́ rẹ̀ lọ ní 2001, ibẹ̀ di ibi tí wọ́n ń ṣí ní àsìkò èrò nìkan, ó kógbá sílé ní 2007. Ọgbà tó lówó ju ìpínlẹ̀ wa lọ nìyẹn.

Àdéhùn "tiwa nìkan ni kí ẹ tà" tún ń bí wàhálà. Àwọn iléeṣẹ́ ẹlẹ́rìndòdò fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹ tó tọwọ́ bọ̀ ọ́, ẹ wo ẹnu géètì. Àwọn ìyá oníwàrà, oníkúnnú àti oníṣóbò ti wà níbẹ̀ kí ọgbà tó ní ẹ̀rọ kankan. Bí ọgbà bá lé wọn, orúkọ onígbọ̀wọ́ ni wọn yóò máa bú, ní Yorùbá, ní Fúlàní, ní Hausa, kò sì sí rédíò tó lè gbé ìpolówó tó dún ju ìyẹn lọ. Ẹ fi àdéhùn náà mọ sórí ẹlẹ́rìndòdò inú ìgò àti agolo, kí ẹ fi ti ìbílẹ̀ sílẹ̀.

Ní ti ọjọ́, ẹ má kàn kọ iye oṣù. Iléyá ọdún 2025 bọ́ sí ọjọ́ kẹfà oṣù kẹfà, ó sì ń fi nǹkan bí ọjọ́ mọ́kànlá yá ju ti èṣí lọ lọ́dọọdún. Ẹni tó gba oṣù mẹ́wàá lè san owó tán kí Iléyá má bọ́ sínú rẹ̀ rárá. Iye ìgbà tí Iléyá àti Ìtúnu Ààwẹ̀ yóò bọ́ sínú rẹ̀ ni kí ẹ kọ. Ẹ sì rántí òjò, nítorí inú òjò ni Iléyá wà báyìí. Kérésìmesì ní Ọ̀fà àti Òmù-Àrán kò níyẹn, ọyẹ́ ni tiwọn.

Sìgá kò yẹ ká sọ: òfin ọdún 2015 lórí tábà ti ka ìgbọ̀wọ́ léèwọ̀. Ọtí náà, ẹni tó bá gbé e wọ Ìlọrin mọ ohun tó ń wá, ṣùgbọ́n mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ààyè wà fún un lápá gúúsù Kwara. Ẹ̀rọ ọmọdé ni o! ARCON, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó ìpolówó, ló ń yẹ ìpolówó wò kó tó jáde, ìjọba ìbílẹ̀ ni òfin sì fún láṣẹ lórí pátákó ìta. Ẹ kàn sí àwọn méjèèjì kí ẹ tó ra ọ̀dà.

Ẹ má sì retí pé gbogbo ènìyàn yóò máa pe orúkọ yín. London Eye, kẹ̀kẹ́ ńlá tó ń gbé èèyàn yí lókè ní London, ti gbé orúkọ British Airways, ti EDF Energy àti ti Coca-Cola, kí lastminute.com tó gbà á ní 2020. Ẹ bi ọmọ Ọ̀fà tó ń gbé níbẹ̀, London Eye ni yóò wí.

Lóṣù kẹfà ọdún 2015, ẹ̀rọ Smiler ní Alton Towers, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣe ènìyàn 16 léṣe. Owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún pọ́ùn ni ilé ẹjọ́ bù fún àwọn tó ni ín. Bí irú rẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ níbí, orúkọ ara ẹ̀rọ ló máa wà nínú fọ́tò. Ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ìbánigbófò hàn yín, kí ẹ wo ọjọ́ tó wà lára rẹ̀.

Ó ku kan tí ẹnikẹ́ni kì í rántí: ta ni yóò pa orúkọ rẹ́ nígbà tí àdéhùn bá parí? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé láàárín ọjọ́ 14, onílé ọgbà yóò kun ún, kí ẹ sì mú owó ọ̀dà náà dání nínú owó oṣù tó gbẹ̀yìn títí tí yóò fi ṣe é.