Owó àánú níbi iṣẹ́ ní Ìlú Ọba: ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fa máàkì àti ibi tí kò yẹ

Kò ní pẹ́ tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìlú Ọba tí àpòòwé kan máa dé orí tábìlì yín. Káàdì wà nínú rẹ̀, wọ́n to orúkọ gbogbo ará ibi iṣẹ́ sí i lára, ẹni tó bá ti rí i á fa igi lé orúkọ tirẹ̀. Ó lè jẹ́ nítorí ẹni tó fẹ́ lọ bímọ, ẹni tó ń fẹ̀yìn tì, tàbí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Ẹ fi £2 tàbí £5 sí i, ẹ kọ̀wé sínú káàdì, kẹ́ ẹ gbé e fún ẹni tó kàn. Ẹ má kọ iye tẹ́ ẹ fi síbẹ̀, ẹ má sì bi ẹnikẹ́ni léèrè tirẹ̀. Kì í ṣe òde ìnáwó tí alága ti ń kéde ẹni tó dáwó. Níbí, ẹni tó bá pariwo ọrẹ rẹ̀ ni wọ́n ń wò tìyanu-tìyanu. Bí kò bá sówó lọ́wọ́, ẹ kọ̀wé sínú káàdì nìkan, ó tó.

Owó àpòòwé yìí, ẹ̀bùn lásán ni, owó orí ò kàn án. Owó tó ń lọ sọ́dọ̀ àjọ aláàánú ló ní wàhálà díẹ̀, torí ọ̀nà méjì ni ìjọba fi ń yọwọ́ owó orí kúrò lára rẹ̀, àwọn èèyàn sì máa ń dà wọ́n pọ̀ mọ́ra.

Ọ̀kan ni Payroll Giving, tó ti wà láti 1987. Àwọn ilé iṣẹ́ kan ń pè é ní Give As You Earn. Kì í ṣe gbogbo ibi iṣẹ́ ló ní in, nítorí ilé iṣẹ́ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá aṣojú kan tí HMRC, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń gba owó orí, fọwọ́ sí ṣàdéhùn, nítorí náà ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń san owó oṣù. Tó bá wà, ẹ ó kọ orúkọ àjọ tẹ́ ẹ fẹ́ àti iye tẹ́ ẹ fẹ́ sínú fọ́ọ̀mù. Wọ́n á yọ owó náà kí wọ́n tó ṣírò owó orí (income tax), àmọ́ National Insurance, owó ìjọba kejì tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù, ṣì máa wà lórí gbogbo owó oṣù yín. Ẹni tó ń san ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún tó fi £20 sílẹ̀, £16 péré ló máa dín nínú owó tó wọ báńkì rẹ̀. Ẹni tó ń san ìdá 40, £12. Ní Scotland, ìdá owó orí yàtọ̀ díẹ̀. Ẹ wo payslip oṣù àkọ́kọ́ dáadáa. Bí owó ọwọ́ yín bá dín ní £20 gééré, yálà owó ọdún yín ò tó £12,570 tí owó orí ti ń bẹ̀rẹ̀, tàbí wọ́n yọ ọ́ lẹ́yìn owó orí. Ẹ gbé payslip náà lọ bá wọn. Ẹ lè dá a dúró nígbàkigbà, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ. Orúkọ ló jọra, àjọ aláàánú kì í ṣe àjọ tá à ń dá: kò sí oṣù tó máa kàn yín.

Èkejì ni Gift Aid. Owó ọwọ́ yín tí owó orí ti kúrò lórí rẹ̀ lẹ fi tọrẹ, tẹ́ ẹ bá sì fa máàkì sí àpótí Gift Aid lára fọ́ọ̀mù wọn, àjọ náà á lọ gba 25p lórí £1 kọ̀ọ̀kan lọ́wọ́ HMRC. £100 yín di £125. Àmọ́ owó orí tẹ́ ẹ̀yin fúnra yín ti san ni ìjọba ń gbé fún wọn, ibẹ̀ sì lẹsẹ̀ ti ń yọ̀. Ẹ jẹ́ ká sọ pé ẹnì kan tọrẹ £400 láti 6 April sí 5 April ọdún tó tẹ̀ lé e. Àjọ gba £100. Tó bá jẹ́ £60 ni owó orí tónítọ̀hún san lọ́dún yẹn, HMRC lè ní kó wá san £40 tó kù. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣiṣẹ́ ọjọ́ kan tàbí méjì lọ́sẹ̀ kì í sábà san income tax rárá. Kó fi àpótí Gift Aid sílẹ̀ láìfa máàkì. Ìdámẹ́wàá ní ṣọ́ọ̀ṣì wà nínú ìṣirò yìí o, òun ló sì máa ń pọ̀ jù lọ́dọ̀ tiwa. Ọkọ àti ìyàwó, kálukú ló ń fọwọ́ sí tirẹ̀. Owó tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹbí nílé, bó ti wù kí àánú pọ̀ nínú rẹ̀ tó, kò sí níbẹ̀.

Ẹlẹgbẹ́ yín tó fẹ́ sáré London Marathon á fi línkì JustGiving, ojú ìwé ìdáwó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ránṣẹ́. Tó bá jẹ́ fọ́ọ̀mù ló gbé wá, àdírẹ́sì ilé yín lẹ máa kọ, pẹ̀lú postcode, kì í ṣe ti ọ́fíìsì. Àṣìṣe kan wọ́pọ̀ gan-an: èèyàn méje dá £5 kọ̀ọ̀kan, wọ́n kó o fún ọ̀kan nínú wọn, ó fi káàdì báńkì tirẹ̀ san £35, ó wá fa máàkì Gift Aid. £5 péré ni tirẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì raffle (tẹ́tẹ́ oríire) náà kì í gba Gift Aid, GoFundMe tí wọ́n ṣí fún ẹni tí ilé rẹ̀ jóná náà kì í gbà á. Bí àjọ kan bá ṣàjèjì sí yín, ẹ wá orúkọ rẹ̀ sínú àkọsílẹ̀ Charity Commission lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní Scotland, OSCR, ọ́fíìsì tó ń bójú tó àwọn àjọ aláàánú níbẹ̀, ni. Àjọ kékeré tí owó tó ń wọlé fún un lọ́dún ò tó £5,000 lè má sí nínú ti Charity Commission.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní NHS, bí aláìsàn bá na owó tàbí gift card sí yín, ẹ kọ̀ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ṣokoléètì ò burú. Ohun tó bá ju £50 lọ, ẹ má gbà á fúnra yín, ẹ fi tó ọ̀gá létí. Ilé ìwòsàn sábà máa ń ní àjọ aláàánú tirẹ̀, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ darí ẹni tó fẹ́ dúpẹ́ sí. Ẹ má sì gbé àpòòwé ẹlẹgbẹ́ yín dé ọ̀dọ̀ aláìsàn láé.

Ẹ má yà á sí wèrè bí ọ̀gá bá gbé imú pupa wọlé lóṣù March: Red Nose Day ni, ọjọ́ tí wọ́n ń fi àwàdà dáwó fún àánú, ó ti wà láti 1988. Kọfí Macmillan, àjọ tó ń ran àwọn tó ní àrùn jẹjẹrẹ lọ́wọ́, ń bẹ ní September, Pudsey, béárì Children in Need, ní November, súwẹ́tà Kérésì Save the Children ní December. Ti Macmillan ni oúnjẹ máa ń pọ̀ jù, puff-puff sì máa ń tà ju kéèkì lọ. Àmọ́ ẹ lẹ bébà mọ́ abọ́ kọ̀ọ̀kan. Ohun 14 tó lè ṣe èèyàn léṣe ni òfin ní kí àwọn tó ń ta oúnjẹ máa dárúkọ. Tábìlì ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún kì í ṣe òwò, síbẹ̀ ẹ kọ ọ́. Puff-puff: àlìkámà, àti mílíìkì tàbí ẹyin tẹ́ ẹ bá fi sí i. Mọ́ínmọ́ín: ẹyin, ẹja, edé. Tó bá jẹ́ òróró ẹ̀pà lẹ fi dín nǹkan, ẹ kọ ẹ̀pà gàdàgbà, torí ẹlòmíì lè tìtorí rẹ̀ dèrò ilé ìwòsàn. Ẹ ka ẹ̀yìn páálí máàgì, celery máa ń sá pamọ́ síbẹ̀. Jọ̀lọ́ọ̀fù tó sùn sórí sítóòfù mọ́jú, ẹ fi í sílé.

Nígbà tẹ́ ẹ bá ń tú owó, kẹ́ ẹ jẹ́ méjì. Ẹ kà á, ẹ kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì fọwọ́ sí i, kẹ́ ẹ sì san án sójú ìwé àjọ náà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Owó tó bá sùn nínú àkáǹtì èèyàn ló ń dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.