Aṣọ rọ́bà tí mo fi £165 rà, àti òtútù adágún Windermere

£165 ni mo san fún aṣọ rọ́bà ìlúwẹ̀ẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní wetsuit, nígbà tí mo pinnu láti lúwẹ̀ẹ́ nínú adágún Windermere ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó tà á fi dá mi lójú pé òtútù kankan kò ní mú mi bí mo bá ti wọ̀ ọ́. Irọ́ gbáà ni, inú sì ń bí mi títí di òní, nítorí kì í ṣe owó nìkan ni ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà lọ́wọ́ mi.

Etí ọ̀sà Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí mi sí, omi ibẹ̀ kì í sì í tutù. Kí n tó pé ọmọ ọdún 8 ni mo ti ń wẹ̀ lọ sídìí ọkọ̀ àwọn apẹja tí mo sì ń wẹ̀ padà, ìyẹn ló jẹ́ kí n rò pé ẹni tó bá mọ̀wẹ̀ ti mọ gbogbo omi. Lọ́jọ́ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún tí a dé Windermere, oòrùn ń ràn, àwọn ènìyàn sì wọ ẹ̀wù alápá péńpé, àmọ́ 11°C péré ni omi náà. Omi tí kò bá tó 15°C ni àwọn onímọ̀ ààbò orí omi ní Britain ń kà sí omi tútù.

Ìrìn àjò láti Manchester kò ní ìtàn. Mo rọra wọ inú omi láti etí rẹ̀, n kò bẹ́ sínú rẹ̀, ìyẹn sì ni ohun tí mo ṣe dáadáa jù lọ́jọ́ náà. Bí omi ṣe kan àyà mi báyìí, mo fa afẹ́fẹ́ sínú hàà láìròtẹ́lẹ̀, mo wá ń mí lemọ́lemọ́, àyà mi sì ń lù kìkìkì. Ká ní orí mi wà lábẹ́ omi nígbà náà, omi ni ǹ bá fà símú. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, tó dúró sétí omi, ké sí mi pé: “Àbúrò, má tíì wẹ̀ o! Dùbúlẹ̀ sójú omi, tẹ orí sẹ́yìn, jẹ́ kí èémí rẹ padà.” Ìṣẹ́jú àáyá 30 àkọ́kọ́ ló máa ń le jù, láàárín ìṣẹ́jú 2 sí 3, ó rọlẹ̀. Nígbà tí mo lè sọ odindi gbólóhùn láìdánudúró, mo lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ etí omi, níbi tí ẹsẹ̀ mi lè kan ilẹ̀, pẹ̀lú báàgì aláfẹ́fẹ́ aláwọ̀ ọsàn tí mo so mọ́ ìbàdí kí àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi lè rí mi. Ìṣẹ́jú 12 ni mo lò, orí mi sì wú.

Ẹ̀yìn tí mo jáde ni wàhálà dé. Sípù aṣọ náà wà lẹ́yìn, okùn tí a fi ń fà á sì já bí mo ṣe dì í mú. Ìka mi ti kú, n kò mọ̀ bóyá mo di nǹkan mú tàbí n kò dì í mú. Ẹ̀gbọ́n mi fà á títí, kò ṣí, nítorí aṣọ náà kéré fún mi, ó sì fún mọ́ mi lọ́rùn pinpin. Ìṣẹ́jú 20 gbáko ni mo fi dúró nínú atẹ́gùn pẹ̀lú rọ́bà tútù lára.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni pé ara ṣì máa ń tutù sí i lẹ́yìn tí a bá ti jáde. Nínú omi tútù, iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ máa ń sún kì, kí ooru lè dúró sí àárín ara. Bí a bá jáde tán, òtútù tó ti wọ apá àti ẹsẹ̀ ṣì ń wọlé lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi ẹ̀rín jáde fi lè máa gbọ̀n rìrì ní ìṣẹ́jú 10 sí i. Mo gbọ̀n débi pé tíì inú kọ́ọ̀pù dà sí mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ láti fún mi ní kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀, ó ní ẹni tó ń gbọ̀n kò gbọdọ̀ wakọ̀. Kò sì jẹ́ kí n lọ wẹ omi gbígbóná, nítorí ó lè ṣí àwọn iṣan náà lójijì kí ènìyàn sì dákú. Mo bínú sí i nígbà náà, àmọ́ òun ló jàre. Ọ̀bẹ la fi gé aṣọ náà níkẹyìn.

Nígbà tí a padà lọ ní oṣù Keje, aṣọ tí mo yá ni mo wọ̀, lẹ́yìn tí mo ti ki ọwọ́ bọ omi yìnyín nílé, tí mo sì fi ìka kíkú bọ́ ọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Mo to fìlà onírun, síńgílẹ́ẹ̀tì àti súwẹ́tà sókè pátápátá nínú báàgì mi. Ẹ̀gbọ́n mi mú fóònù dání, ó sì mọ̀ pé bí ó bá pe 999, nọ́ńbà pàjáwìrì ní Britain, nídìí adágún, àwọn panápaná ni yóò béèrè fún, ṣùgbọ́n létí òkun, àwọn ẹ̀ṣọ́ etíkun ni. Ìṣẹ́jú 5 péré ni mo fi wọ aṣọ gbígbẹ.

Lẹ́tà 4 ni mo ti kọ sí ẹni tó ta aṣọ náà fún mi. Èsì kan ṣoṣo ló fi ránṣẹ́, pé òun kì í gba aṣọ tí a ti gé padà. Mo ń kọ ìkarùn-ún lọ́wọ́.