Ẹ wo ojú ọ̀run kẹ́ ẹ tó sanwó díìṣì
Ẹ̀yin ará, kẹ́ ẹ tó máa fi owó tẹlifíṣọ̀n sátẹ́láìtì, tí díìṣì ń gbà láti ojú ọ̀run, wé ti kébù, tó ń gba inú wáyà wọlé, ẹ kọ́kọ́ dúró síbi tẹ́ ẹ fẹ́ gbé díìṣì sí, kẹ́ ẹ wo apá ibi tí díìṣì ilé-iṣẹ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò kọjú sí ládùúgbò. Tí igi tàbí ilé gíga bá dí ibẹ̀, tí kébù sì ti dé òpópónà yín, kébù ni kẹ́ ẹ mú. Ojú kan ni sátẹ́láìtì máa ń wà sí wa, ní nǹkan bíi 36,000 kìlómítà lókè. Ẹ̀ka igi tó kún fún ewé ti tó láti dá àwòrán dúró. Igi kékeré òní náà á ga o! Bí ọ̀nà bá tiẹ̀ mọ́, òjò ńlá ṣì lè gé àwòrán sátẹ́láìtì fúngbà díẹ̀.