Àṣìṣe tí a máa ń ṣe bí a bá ń fi kàlẹ́ńdà Ìjọ Àgùdà gbàdúrà nílé

Bí oṣù Kọkànlá bá ti ń parí lọ, tábìlì kàlẹ́ńdà á ti wà lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. A ó ra ọ̀kan, a ó gbé e kọ́ ara ògiri pálọ̀, a ó sì máa fi wo ọjọ́ ìgbéyàwó àti ọjọ́ ìpàdé ẹgbẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ máa fi gbàdúrà ní tirẹ̀, orúkọ tí wọ́n kọ sínú àpótí ọjọ́ náà ni yóò kọ́kọ́ tẹjú mọ́. Yóò wá ìtàn Ẹni Mímọ́ yẹn lórí fóònù, yóò ní kó bá òun bẹ Ọlọ́run, ó parí. Kò burú, ṣùgbọ́n ibẹ̀ kọ́ ló yẹ kí ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀.

Àwọ̀ tí kàlẹ́ńdà fún ọjọ́ náà ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Àwọ̀ ló ń sọ ìgbà tí Ìjọ wà, ìgbà ló sì ń sọ irú àdúrà tó yẹ. Àlùkò wà fún Ádífẹ́ńtì (ìgbà ìmúrasílẹ̀ de Kérésìmesì) àti Lẹ́ńtì (ìgbà ààwẹ̀ ṣáájú Àjíǹde), funfun fún Kérésìmesì àti Àjíǹde, pupa fún Pẹ́ńtíkọ́sì, Ọjọ́ Ẹtì Rere àti àwọn ajẹ́rìíkú, àwọ̀ ewé fún ìyókù ọdún. Ẹ wo ọjọ́ 7 oṣù Kẹta. Ẹ ó rí orúkọ Perpetua àti Felicity níbẹ̀, obìnrin Áfíríkà méjì tí wọ́n pa ní Carthage ní ọdún 203 nítorí ìgbàgbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn sábà máa ń bọ́ sínú Lẹ́ńtì. Aṣọ àlùkò ni Fádà yóò wọ̀, ìwé kíkà Lẹ́ńtì ni wọn yóò kà, bóyá àdúrà kan péré ni wọn yóò fi rántí àwọn méjèèjì. Ẹni tó bá wá pa ìrònúpìwàdà tì lọ́jọ́ náà, tó sọ ọ́ di àjọ̀dún nínú yàrá rẹ̀, ti ya ọ̀nà mìíràn lọ, níbi tí gbogbo Ìjọ ti ń rìn pọ̀.

Àwọn ọjọ́ ńlá (solemnity) máa ń ṣẹ́gun àlùkò nínú Lẹ́ńtì, irú bí ọjọ́ 19 oṣù Kẹta tí í ṣe ti Josẹ́fù, ọjọ́ 25 tí áńgẹ́lì mú ìròyìn wá bá Màríà, àti ní Nàìjíríà, ọjọ́ 17, ti Patrick Mímọ́ tó jẹ́ alágbàwí orílẹ̀-èdè wa. Ní ọdún 2023, ọjọ́ 17 yẹn bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì. Òfin Ìjọ sì ni pé bí ọjọ́ ńlá bá bọ́ sí ọjọ́ Ẹtì, ẹran kì í ṣe èèwọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹni tí kò wo kàlẹ́ńdà ti fi ẹja dípò ẹran lọ́jọ́ tí wọn ò ní kó gbààwẹ̀ rárá.

Èyí ló mú mi dé orí áàpù. Ẹ má kàn gbé áàpù èyíkéyìí sórí fóònù kí ẹ sì gbà pé kàlẹ́ńdà yín nìyẹn. Ti Amẹ́ríkà pọ̀ níbẹ̀. Bí ẹ bá ṣí i ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá, Thérèse Mímọ́ ni ẹ ó bá, nígbà tó jẹ́ pé Màríà Ọbabìnrin Nàìjíríà ni pàríìṣì yín ń ṣe. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kìíní, ẹ ò ní rí Cyprian Michael Tansi, àlùfáà ọmọ Nàìjíríà, níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Póòpù John Paul II fúnra rẹ̀ ló wá sí Onítṣà ní 1998 láti kéde rẹ̀ ní Alábùkún, ipò tó ṣáájú Ẹni Mímọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè òkun náà, ẹ má fi kàlẹ́ńdà tí màmá fi ránṣẹ́ láti ilé ṣe ti ibi tí ẹ wà. Ní ọdún 2026, Ìgòkè re Ọ̀run wà ní Ọjọ́bọ̀ ní Nàìjíríà, ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún, ṣùgbọ́n ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn díósísì Amẹ́ríkà, ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e ni. Níbi tí ẹ ti ń gba Mísà ni kí ẹ ti mú kàlẹ́ńdà. Bí ẹ bá sì rí èyí tó gbé ọjọ́ Krístì Ọba, tó máa ń parí ọdún Ìjọ báyìí, sí ìparí oṣù Kẹwàá, ti àtijọ́ ni, èyí tó ṣíwájú àtúnṣe tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1970.

Ìwé ìtọ́sọ́nà ti èṣí, tó ń sọ ìwé kíkà ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, náà ń da orí ènìyàn rú. Ọdún mẹ́ta ni ìwé kíkà ọjọ́ Àìkú fi ń yí po: Mátíù ní Ọdún A, Máàkù ní B, Lúùkù ní C. Ọdún tí ẹ bá lè fi 3 pín láìṣẹ́kù, C ni. Ádífẹ́ńtì ló ń yí i padà, kì í ṣe oṣù Kìíní: ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá 2026 ni A yóò kúrò nílẹ̀ fún B. Láàárín ọ̀sẹ̀ ní ìgbà àwọ̀ ewé, Ìhìnrere kì í yí padà lọ́dọọdún, ìwé kíkà kìíní nìkan ló ń pààrọ̀ láàárín ọdún méjì. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó di ìwé èṣí mú fi máa ń rí i pé Ìhìnrere bá ti ṣọ́ọ̀ṣì mu, tí ìwé kíkà kìíní ò bá a mu, tí yóò sì máa sọ pé àwọn tó tẹ̀ ẹ́ ṣàṣìṣe.

Wọ́n tún ń fẹ̀sùn kan àwọn atẹ̀wé nítorí ọ̀sẹ̀ tó sọnù. Ní 2026, ọ̀sẹ̀ kẹfà ìgbà àwọ̀ ewé ni a wà nígbà tí Ọjọ́rú Eérú, tí Lẹ́ńtì fi ń bẹ̀rẹ̀, wọlé ní ọjọ́ 18 oṣù Kejì. Lẹ́yìn Pẹ́ńtíkọ́sì, ọ̀sẹ̀ kẹjọ ni kàlẹ́ńdà bẹ̀rẹ̀. Keje dà? Kò sí. Láti ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń kà á, kí ọ̀sẹ̀ Krístì Ọba lè jẹ́ kẹrìnlélọ́gbọ̀n. Ẹ má wá a kiri, ẹ má sì jókòó kà á fúnra yín kí ọdún lè pé.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ tí ẹ bá fò. Àdúrà kì í ṣe èésú tí ẹni tó bá jẹ gbèsè ọ̀sẹ̀ mẹ́ta á fi san án papọ̀. Mo ti rí àwọn tó ń ka ìwé kíkà ọjọ́ méjìlá lálẹ́ ọjọ́ kan, tí ojú ń kún fún oorun, kí wọ́n ṣáà lè fi bírò fagi lé àpótí. Ibi tí Ìjọ wà lónìí ni kí ẹ bọ́ sí.

Lẹ́ńtì la mọ̀ ọ́n gbà, Àjíǹde la kì í lè gbà dópin. Àádọ́ta ọjọ́ ni, títí dé Pẹ́ńtíkọ́sì, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ó ti tán nílé ọ̀pọ̀ wa. Ní gbogbo ìgbà yẹn, ẹ fi Regina Caeli, àdúrà Màríà ti ìgbà Àjíǹde, rọ́pò Angelus, àdúrà Màríà tí a ń gbà láàárọ̀, lọ́sàn-án àti nírọ̀lẹ́. Kérésìmesì náà kì í parí ní ọjọ́ 26. Ó ń lọ títí di ọjọ́ Ìrìbọmi Olúwa nínú oṣù Kìíní.

Ọjọ́ Àìkú àti ọjọ́ ńlá sì máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Bí ẹ bá fẹ́ gbàdúrà alẹ́ ní Sátidé, ojú ìwé ti ọ̀la ni kí ẹ ṣí.